Òdòdó Pupa, Ọwọ́ Kan: Ilé Iṣẹ́ Àwọn Sójà Tí Ogun Sọ Di Aláàbọ̀ Ara

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Richmond, lẹ́bàá odò Thames ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní The Poppy Factory. Òdòdó pupa tí a mọ̀ sí pópì ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣe ní ọdún 1922, irú èyí tí àwọn ará Bírítéènì máa ń fi há àyà aṣọ wọn ní ìrántí àwọn tó kú lójú ogun, bí oṣù kọkànlá ọdún bá ti ń sún mọ́. Aṣọ àti bébà ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn tó ń ṣe òdòdó náà ló mú kí ilé iṣẹ́ yìí yẹ ní sísọ. Sójà ni wọ́n, àwọn tí ogun ti gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ kò fẹ́ẹ́ gbà mọ́. Wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lórí ohun tí ọwọ́ wọn ṣe, owó tí aráàlú bá sì dá lórí òdòdó náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn sójà mìíràn tí ara wọn kò dá, àwọn opó, àti àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò ti ojú ogun dé. Òdòdó kan ṣoṣo, èèyàn méjì ló ń tipasẹ̀ rẹ̀ jẹun: ẹni tó ṣe é, àti ẹni tí wọ́n tà á nítorí rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1918. Àwọn ọmọ ogun Bírítéènì tí kò padà wálé lé ní 700,000. Nínú àwọn tó padà, àwọn tí dókítà ti gé apá tàbí ẹsẹ̀ wọn lé ní 40,000, a kò sì tíì ka àwọn tí gáàsì olóró ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, àwọn tí ojú wọn fọ́, àti àwọn tí ìró àgbá kò jẹ́ kí wọ́n lè sun oorun àsùnwọra mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1921, ọjà ti kú, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì èèyàn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá rìn nígboro Lọ́ńdọ̀nù láyé ìgbà náà yóò rí ọkùnrin tí mẹ́dà ń dán láyà rẹ̀, tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta ìṣáná tàbí okùn bàtà.

Ìjọba ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n ní àtẹ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí oníkálukú pàdánù: ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì ń gba owó kíkún, ẹni tó pàdánù ọ̀kan ń gba apá kan nínú rẹ̀. Owó yẹn ń gbé ẹ̀mí ró, ṣùgbọ́n kò lè gbé ilé ró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó lè sọ fún ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nípa bí yóò ṣe lo àádọ́ta ọdún tó kù fún un láyé. Ní ọdún 1919 ìjọba tún gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní King's National Roll. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ márùn-ún bá jẹ́ sójà aláàbọ̀ ara nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé ọlá. Kò sí ipá nínú rẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí ìwé ọlá kò lè yanjú. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, fún ẹni tó ní ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Aláàbọ̀ ara tó bá wọ ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń wá igun kan fún un, ibi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Pópì fúnra rẹ̀ kì í ṣe òdòdó olówó iyebíye. Nínú oko àlìkámà ló ti ń hù fúnra rẹ̀ ní Yúróòpù, èpò ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kà á sí. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhù, títí wọn yóò fi tú ilẹ̀ náà tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kàn án. Ogun ló wá tú ilẹ̀ Flanders, ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àríwá Faransé, ju bí ọkọ́ tàbí katakata ṣe lè tú u lọ. Bí àgbá ṣe ń fọ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń gbẹ́ sàréè lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni pópì ń hù sórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Dókítà ọmọ Kánádà kan tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, John McCrae, kọ ewì kan nípa rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1915 nítòsí ìlú Ypres, ìwé ìròyìn Punch sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní òpin ọdún náà.

Ewì yẹn ló wọ olùkọ́ kan lọ́kàn ní Amẹ́ríkà, Moina Michael ti Yunifásítì Georgia. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1918 ó pinnu pé pópì ni òun yóò máa wọ̀ ní ìrántí àwọn tó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín èyí tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ́dà ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1920 ẹgbẹ́ àwọn sójà tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà gba òdòdó náà gẹ́gẹ́ bí àmì. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ di ohun tó ń mówó wọlé ni obìnrin ọmọ Faransé kan, Anna Guérin. Òun ló mú kí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ní agbègbè tí ogun ti bà jẹ́ ní Faransé máa fi aṣọ ṣe pópì, tó sì ń gbé e káàkiri láti tà kí wọ́n lè fi tọ́jú àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìníbaba. Orúkọ Guérin kò rinlẹ̀ tó ti McCrae, ó sì yẹ kó rinlẹ̀. Ó ti rí i ṣáájú ọ̀pọ̀ èèyàn pé ẹni tí ogun ṣe níkà gan-an lè jẹ́ ẹni tí yóò ṣe àmì ìrántí náà, tí yóò sì gba owó iṣẹ́ lé e lórí.

Ní ọdún 1921 Guérin gbé pópì rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ British Legion ni ó lọ bá. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ sójà mẹ́rin tó ti ń bára wọn jà gbà láti di ọ̀kan, Ọ̀gágun Douglas Haig tó darí ọmọ ogun Bírítéènì ní Faransé sì di ààrẹ wọn. Ẹgbẹ́ tuntun ni, owó kò sí lápò, àwọn tó ń kanlẹ̀kùn fún ìrànlọ́wọ́ sì pọ̀. Wọ́n fún un ní àyè láti dán an wò. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án òdòdó ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe, gbogbo rẹ̀ sì tán pátápátá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1921, owó tó wọlé lé ní £106,000, owó gọbọi láyé ìgbà náà.

Ọkùnrin tó wá so òdòdó yìí mọ́ ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe àwọn sójà ni Major George Howson. Ọ̀gá sójà ni, ó jagun ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ Military Cross dá a lọ́lá. Ní ọdún 1920 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Disabled Society. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni Jack Brunel Cohen, aṣòfin láti Liverpool tó pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lójú ogun ní ọdún 1917, tó sì tún jẹ́ akápò British Legion. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló kọ́kọ́ kó wọn jọ. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn sójà nígbà náà wúwo, ó ń dá egbò sí wọn lára, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fún ló sì gbé e jù sí igun ilé. Ẹgbẹ́ náà ń bá ìjọba jà pé kí wọ́n ṣe èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrírí yìí ló jẹ́ kí Howson mọ ohun tí ọ̀pọ̀ aláàánú kò mọ̀, pé ohun èlò àti iṣẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n tún ṣe kó bá ara èèyàn mu, pé kò yẹ kí wọ́n máa fipá tẹ ara èèyàn mọ́ ohun èlò.

Ó gbé àbá kan lọ bá Legion: dípò kí pópì máa ti òkè òkun wá, kí àwọn sójà aláàbọ̀ ara tó wà nílé máa ṣe é. Legion fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní £2,000 láti fi bẹ̀rẹ̀. Howson kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀ nípa rẹ̀, kò sì fi ìrètí tan ara rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé bí ó bá yọrí sí rere, ó lè fún àádọ́jọ ọkùnrin níṣẹ́. Òun kò rò pé yóò yọrí sí ohun ńlá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n dán an wò kí àwọn aláàbọ̀ ara lè ní àǹfààní tiwọn. Ní ọdún 1922 wọ́n gba ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, nítòsí Old Kent Road ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lónìí ló mọ Old Kent Road, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ Peckham kọjá, tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará wa àti ìsọ̀ elẹ́lùbọ́ pọ̀ sí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn mékúnnù Gẹ̀ẹ́sì ló kún ibẹ̀, ibi ilé iṣẹ́ awọ, ilé iṣẹ́ bisikíìtì àti ti gáàsì.

Ọgbọ́n tó wà nínú òdòdó náà ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì kì í ronú nípa bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe rí: ọwọ́ òsì ń di nǹkan mú, ọwọ́ ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bí wọ́n bá gé ọ̀kan, kì í ṣe ìlàjì iṣẹ́ ló lọ. Gbogbo iṣẹ́ tó gba kí a di nǹkan mú kí a sì tún un ṣe ló dáwọ́ dúró. Wọ́n wá ṣe òdòdó náà lọ́nà tí ẹni tó ní ọwọ́ kan fi lè tò ó. Nǹkan mẹ́rin péré ló wà nínú pópì bó ṣe wá rí lẹ́yìn ìgbà náà: ewé òdòdó pupa, bọ́tìnì dúdú tó wà láàárín, ewé tútù kan, àti igi rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gún àwọn ewé náà bó ṣe yẹ, tí ihò wọn sì ṣe déédéé, ẹni tó ní ọwọ́ kan lè ki bọ́tìnì bọ inú ìdí wọn kí ó sì wọ inú igi tó wà nísàlẹ̀. Kò sí okùn tí a ó so, kò sí abẹ́rẹ́ tí a ó kì, kò sí lẹ́ẹ̀ tí a ó dúró dè kó gbẹ. Ẹni tí kò lè dúró pẹ́ lè jókòó ṣe é. Ẹni tí èémí rẹ̀ kúrú lè sinmi díẹ̀ kó tún tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ owó náà ṣe pàtàkì. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò gba sàárà. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì mọ iye òdòdó tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Nínú ìdílé tí bàbá ti wà nílé láti ọdún 1917 tí ìyàwó ń fọṣọ fún olówó kí wọ́n lè jẹun, kí bàbá náà jí láàárọ̀ kó wẹ̀ kó jáde lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn aláàánú ìgbà náà mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní oúnjẹ àti aṣọ àlòkù. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún un ní ọ̀gá, aago iṣẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ tí wọn yóò jọ máa ṣàwàdà kò wọ́pọ̀, ìyẹn sì ni Howson ṣe.

Láàárín oṣù mélòó kan, òṣìṣẹ́ márùn-ún ti di nǹkan bí àádọ́ta. Ọmọ ọba tó jẹ́ àrólé nígbà náà ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọdún 1924. Òdòdó tó ń jáde ní ọdọọdún ti di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ pọ̀ ju àyè tó wà lọ, ilé Old Kent Road kò sì gbà wọ́n mọ́. Ní ọdún 1925 wọ́n ra ilẹ̀ kan ní Richmond tí ilé ìpọntí àtijọ́ kan wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kó lọ síbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilé gbígbé àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé ẹni tó bá ti rí ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń gun bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ òjò: bí ọ̀nà ibi iṣẹ́ bá jìn, iṣẹ́ tó rọrùn kò rọrùn mọ́. Ní ọdún 1933 wọ́n parí ilé iṣẹ́ tuntun tó rọ́pò ilé ìpọntí náà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn àwọn sójà aláàbọ̀ ara tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti lé ní 300, ìlọ́po méjì iye tí Howson rò pé òun lè rí lọ́jọ́ tó kọ lẹ́tà sáwọn òbí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1936, ó sì jẹ́ alága ilé iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1928 Howson àti díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó pópì lọ sí ọgbà Westminster Abbey, wọ́n ri àgbélébùú igi kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá ń kọjá máa ra òdòdó kó máa fi gúnlẹ̀ yí i ká. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló di pápá ìrántí tí wọ́n ń tò níbẹ̀ lọ́dọọdún títí di òní, tí ẹgbẹ́ ológun kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Skọ́tíláǹdì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi dá a sílẹ̀ ni pé òdòdó kò kárí. Lọ́dọọdún, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń ra pópì tán kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá. Dorothy Haig, ìyàwó Ọ̀gágun Haig, ló dá ti Edinburgh sílẹ̀ ní ọdún 1926, ní ilé tí wọ́n ti ń la igi ìdáná tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjì, bébà àti àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Pópì ti Skọ́tíláǹdì ní ewé òdòdó mẹ́rin, kò sì ní ewé tútù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ewé òdòdó méjì àti ewé tútù kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, yóò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe èyí tó há àyà ẹnì kan.

Bí owó ṣe ń rìn nínú ètò yìí kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọn kì í fi iye kan lé pópì. Ẹni tó bá fẹ́ mú un yóò sọ ohun tó bá wù ú sínú àpótí, olówó lè sọ ogún pọ́ùn, ọmọ iléèwé lè sọ kọ́bọ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, òdòdó kan náà ni wọn yóò mú lọ. Àwọn tó ń gbé àpótí náà ká kì í gba owó oṣù. Ará àdúgbò ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti níwájú ilé ìtajà nínú òtútù. Àwọn oníṣòwò kéékèèké náà ní ipa tí wọ́n ń kó: alápatà, onígẹ̀rígẹ̀rì, oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, wọ́n á gbé àpótí kan sórí káńtà láti òpin oṣù kẹwàá. Kò ná wọn ní nǹkan kan ju àyè tí àpótí gbà lọ. Láti ibẹ̀ ni owó ti ń lọ sí ẹ̀ka Legion, tí wọ́n fi ń san owó ilé fún sójà tí wọ́n fẹ́ lé jáde, tí wọ́n fi ń ra kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ̀gùn tó bá ẹlẹ́sẹ̀ kan mu, tí wọ́n sì fi ń ran opó lọ́wọ́. Lóde òní, owó tó ń wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn máa ń ju mílíọ̀nù 40 pọ́ùn lọ lọ́dọọdún. Títí di ọdún 1994, orúkọ Haig ló wà lára bọ́tìnì dúdú àárín òdòdó náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ ètò ìkówójọ náà rọ́pò rẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí kò wá láìní wàhálà. Ìgbà kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń wọ pópì, oníbàárà rẹ̀ gbòógì kò sì ju ọ̀kan lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó bá gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí ọjà kan gbọ́dọ̀ ṣe ọjà yẹn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá kó lè san owó oṣù déédéé, kó sì kó o pamọ́ de oṣù kọkànlá. Richmond yanjú rẹ̀ nípa ṣíṣe òdòdó róbótó ńlá tí wọ́n ń gbé síbi ìrántí àwọn olóògbé. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń ṣe èyí tí ọba àti ìdílé rẹ̀ ń gbé síbi ọwọ̀n ìrántí Cenotaph ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní Aylesford, ní agbègbè Kent. Ìbùdó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn sójà tí ikọ́ ife mú lójú ogun, tí British Legion sì gbà ní ọdún 1925. Àwọn aláìsàn tí ara wọn ń yá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn. Ibẹ̀ ló di ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pátákó ojú títì àti ti ọkọ̀ ojú irin lónìí, ọjà tí àwọn oníbàárà ń rà láti oṣù dé oṣù nítorí pé wọ́n nílò rẹ̀, tí ẹni tó bá sì tà á ní láti bá àwọn onílé iṣẹ́ mìíràn díje lórí iye owó àti dídára rẹ̀. Àwọn sójà tẹ́lẹ̀ pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ìjọba Bírítéènì náà gbìyànjú irú rẹ̀. Òfin kan ní ọdún 1944 ní kí agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí i pé aláàbọ̀ ara mẹ́ta wà nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1945 ìjọba dá Remploy sílẹ̀, ọ̀wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí aláàbọ̀ ara ti ń ṣiṣẹ́, àwọn sójà Ogun Àgbáyé Kejì àti àwọn tí ibi ìwakùsà ti ba lára jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí owó ìrànwọ́ ìjọba ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, nígbà tí ìjọba sì yí èrò padà, wọ́n ti ilé iṣẹ́ tó kù pa, ìkẹyìn wọn ní ọdún 2013. Àwọn kan sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé kò yẹ kí wọ́n máa ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ sí ilé iṣẹ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tún jẹ́ òótọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n dá dúró kò tètè ríṣẹ́ mìíràn, àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n lọ kò sì tíì ṣètò iṣẹ́ wọn fún wọn, bó ṣe rí gan-an ní ọdún 1919.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jagun fún Bírítéènì nínú ogun méjèèjì, ní Kamẹrúùnù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà nínú ti àkọ́kọ́, ní Bọ́mà pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka 81 àti 82 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nínú ti kejì. Isaac Fadoyebo láti Emùrẹ́-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1942. Ìbọn àwọn ará Japan bà á lẹ́bàá odò Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará abúlé kan tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun tó rí i. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò san tán, ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kú ní ọdún 2012. Orí rẹ̀ sunwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti Bọ́mà dé pẹ̀lú ìlérí iṣẹ́ létí wọn ló rí i pé kò sí iṣẹ́ nílẹ̀.

Nígbà ìjọba amúnisìn, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn olóògbé ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e sí. Ààrẹ àti àwọn gómìnà máa ń ṣí ètò àmì ìrántí lọ́dọọdún ṣáájú ọjọ́ náà, owó tí wọ́n bá dá sí i sì wà fún àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì àti ìdílé àwọn tó kú. Ní Èkó, Tafawa Balewa Square ni wọ́n ti ń gbé òdòdó sílẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ayẹyẹ náà. Ní Òṣòdì, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn sójà ń lọ yípo ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìntì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán, iṣẹ́ káfíńtà, iná mànàmáná, ọ̀sìn adìẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Legion tí a ń rí lẹ́nu ọ̀nà báǹkì àti ọ́fíìsì jẹ́ ẹ̀rí pé iṣẹ́ ṣì ni sójà tó fẹ̀yìntì ń wá.

Ní Richmond, iṣẹ́ ti yí padà. Ẹ̀rọ ló ń gé bébà báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú pópì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kó jọ ní Aylesford. Ní ọdún 2023 wọ́n gbé pópì tuntun jáde tí kò ní ike kankan nínú, bébà ni gbogbo rẹ̀, apá kan rẹ̀ sì wá láti inú ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù nínú ṣíṣe ife kọfí. Àwọn sójà tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú ti yàtọ̀. Àwọn tó ti Iraq àti Afghanistan dé kì í sábà jẹ́ ẹni tí wọ́n gé lápá; ọgbẹ́ tó pọ̀ jù lára wọn kò hàn sójú, ó wà nínú ọpọlọ àti nínú oorun. Kíki bọ́tìnì bọ bébà kò lè jẹ́ ìwòsàn fún un. Láti ọdún 2010 ilé iṣẹ́ náà ti ń lo púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ láti wá iṣẹ́ fún wọn ní ilé iṣẹ́ mìíràn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Olùdámọ̀ràn kan máa ń bá sójà náà jókòó, wọ́n á jọ wo ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè fara dà, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, wọ́n á sì bá ọ̀gá iṣẹ́ sọ̀rọ̀ pé kí ó jẹ́ kí ẹni yìí máa bẹ̀rẹ̀ lágogo mẹ́wàá dípò mẹ́jọ, kí ó má fi í sí ibi tí ariwo ti pọ̀, kí ó fún un láyè láti jáde mí díẹ̀ bí ìbẹ̀rù bá dé. Bí ó bá ríṣẹ́ tán, wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé e fún oṣù púpọ̀, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun ni ó rọrùn jù fún un láti fi í sílẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn sójà ṣì ń jókòó sídìí tábìlì ní Richmond láti to òdòdó róbótó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ilé iṣẹ́ náà ń ràn lọ́wọ́ lónìí wà nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, kọ̀ǹpútà, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìwòsàn, lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ tí kò mọ̀ nípa pópì ju èyí tó há àyà òun náà lọ.